Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì inú ọkọ̀: Ohun tó yẹ kí àwọn oníṣẹ́ ìtẹ̀wé Ṣómólú àti Bàrígà mọ̀ kí wọ́n tó ra búsítà

Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ẹni tó bá dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ní òpópónà Shyllon, ní Ṣómólú, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń dún lọ́tùn-ún lósì, jẹnẹrétọ̀ ń pa tirẹ̀, síbẹ̀ ohùn ẹni tó gbé fóònù sétí ló máa ń ròkè jù: “Ẹ̀ ń gbọ́ mi? Ṣé ẹ ti rí i gbà? Ó ṣì ń yí o!” Ohun tó ń yí ọ̀hún ni àmì róbótó ojú fóònù tó ń sọ pé iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò tíì dé.

Kò sí ẹni tó ń tẹ nǹkan l’Ékòó tí kò mọ Ṣómólú. Káàdì ìgbéyàwó, kàléńdà, jọ́tà tí wọ́n ń pín níbi ìnáwó, ìwé rìsíìtì, ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, pósítà àwọn olóṣèlú, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń jáde, láti Shyllon dé Bájuláyé, dé Fọlá-Àgorò, títí wọ Bàrígà. Bí iṣẹ́ náà sì ṣe rí ni pé ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà lè má ní ẹ̀rọ kankan. Òun á gba iṣẹ́, á gbé e fún ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà to ọ̀rọ̀ àti àwòrán rẹ̀, á gbé e lọ bá ẹni tó ń ṣe pléètì, á wá ẹni tó ní ẹ̀rọ Kord, lẹ́yìn náà á tún gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gé e, tó sì ń dì í. Láyé dísíkẹ́ẹ̀tì àti síídì, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé gbogbo rẹ̀ kiri. Lónìí, orí WhatsApp àti í-meèlì ni iṣẹ́ ń gbà kọjá.

Ìdí nìyí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ń gbé ojú títì ju ilé lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ti wà ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ tẹ ìwé. Lọ́jọ́ kejì, Abẹ́òkúta ló wà. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ó ti gbé páálí káàdì dé Ìjẹ̀bú-Òde. Inú ọkọ̀ akérò ni ọ́fíìsì rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù wà lórí itan, fóònù méjì wà lọ́wọ́, MiFi wà nínú báàgì lábẹ́ àga. Lẹ́nu ìrìn yìí ni oníbàárà á pè pé wọ́n ti ṣi orúkọ bàbá ìyàwó kọ. Ẹni tó ń ṣe pléètì ní Ṣómólú ti tan ẹ̀rọ, ó ní òun kò lè dúró nítorí pé iṣẹ́ ẹlòmíràn wà nílẹ̀. Bí àtúnṣe náà kò bá dé kí wọ́n tó jó pléètì, orúkọ tí wọ́n ṣì kọ á wọ inú gbogbo káàdì tó bá jáde. Ta ni yóò san owó bébà, owó pléètì àti owó ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kejì? Ẹni tó gba iṣẹ́ ni. Ọjọ́ ìgbéyàwó kò sì ní sún síwájú nítorí pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lọ lójú ọ̀nà.

Irú wàhálà yìí ló mú kí àwọn kan máa wá ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní búsítà, tí wọ́n ní ó máa ń fún nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lágbára. Ní Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ọkọ̀ ńlá tó ní ibùsùn, ibi ìdáná àti ilé ìwẹ̀ nínú ni wọ́n ń rà, wọ́n á sì máa fi rìn káàkiri orílẹ̀-èdè náà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Wọ́n máa ń gbé eríàlì sórí òrùlé ọkọ̀, wọ́n á so ó mọ́ búsítà nínú, wọ́n á sì máa lo íntánẹ́ẹ̀tì láàárín igbó. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Houston lè rí i níbẹ̀, kó rò ó pé yóò wúlò fún àbúrò òun tó ń ti Bàrígà lọ Ìbàdàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó sì rà á ránṣẹ́ sílé. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà lè kó àbúrò náà àti gbogbo àdúgbò rẹ̀ sí ìyọnu tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀.

Páànù ni ọ̀tá

Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti rédíò. Ìgbì ló ń ti orí òpó gíga tí wọ́n ń pè ní máàsì wá sínú fóònù, tí fóònù náà sì ń dá tirẹ̀ padà. Ìgbì yìí lè gba inú gíláàsì, pákó àti aṣọ kọjá láìsí wàhálà púpọ̀. Bó bá kan ògiri búlọ́ọ̀kù, agbára rẹ̀ á dín kù. Ṣùgbọ́n bó bá kan irin tàbí páànù, ńṣe ló máa ń ta padà bí ẹní ju bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri.

Ẹni tó bá wọkọ̀ kọjá ní Onípáànù, lójú títì Ìkòròdú, lè má mọ̀ pé orúkọ ibùdókọ̀ náà bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Òrùlé páànù ló bo ọ̀pọ̀ ilé àdúgbò náà. Yàrá tó wà láàárín ilé, tí ògiri yí ká, tí ilẹ̀kùn onírin sì wà lẹ́nu rẹ̀, tí ilé aládùúgbò tún fara tì í lẹ́yìn, kò sí bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ṣe máa wọ ibẹ̀ láìrẹ̀. Àwọn tó ti ń lo fóònù láti ọdún 2001, nígbà tí Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ GSM nílẹ̀ yìí, yóò rántí pé ojúlé kan náà lè ní ibì kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń gbọ́ ohùn: ẹsẹ̀ fèrèsé, tàbí orí àtẹ̀gùn. Náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan nígbà náà, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń fi àkókò ṣòfò kó tó sáré lọ síbẹ̀.

Ọkọ̀ náà, páànù ni. Bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Ebute Metta lọ Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2021, irin ni ara gbogbo wọn. Ojú fèrèsé nìkan ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń gbà wọlé. Nínú danfo tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sàn díẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ike dúdú tí èròjà irin wà nínú rẹ̀ lẹ gíláàsì, ó máa ń burú sí i. Ara èèyàn pẹ̀lú kò ṣe é fojú di, nítorí omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, omi a sì máa gba agbára ìgbì. Ẹni tí wọ́n há mọ́ àárín èèyàn mẹ́ta, tó sì ki fóònù bọ àpò, kò yẹ kó yà á lẹ́nu pé òun kò rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì nígbà tí ẹni ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ń rí i.

Nǹkan mìíràn tún wà lójú ọ̀nà. Máàsì sún mọ́ ara wọn nínú ìlú, wọ́n sì jìnnà síra lójú ọ̀nà tó la oko kọjá. Bí ọkọ̀ ti ń sáré, fóònù ń ti ọwọ́ máàsì kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn. Níbi tí kejì kò bá ti tètè gbà á, ìpè á já, iṣẹ́ tó sì ti dé ìdajì lè padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Bí fóònù bá sì ṣe jìnnà sí máàsì tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa pariwo tó kí máàsì lè gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí bátìrì fi ń tètè tán lẹ́nu ìrìn-àjò ju ilé lọ.

Àmì kún, síbẹ̀ kò lọ

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù owó ni pé wọn kì í wádìí ohun tó ń ṣe nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wọn kí wọ́n tó lọ ra oògùn rẹ̀. Igi kéékèèké tó wà lókè ojú fóònù kò sọ gbogbo òtítọ́. Nọ́ńbà kan wà tó sàn jù ú lọ. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, wọ́n lè rí i nínú Settings, níbi tí wọ́n kọ About phone sí, lábẹ́ SIM status. Lórí iPhone, wọ́n á tẹ *3001#12345#* bíi pé wọ́n fẹ́ pe èèyàn. Nọ́ńbà náà ní àmì ìyọkúrò níwájú, lẹ́tà dBm sì máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá wà ní nǹkan bíi -70 sí -85, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lágbára. Bó bá ti ń sún mọ́ -110, ó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an.

Ẹni tó bá rí -75 ní Jagunmólú lálẹ́, tí fọ́tò kan ṣoṣo kò sì lọ, kò nílò búsítà. Àìsàn tirẹ̀ yàtọ̀. Èrò ló pọ̀ jù lórí máàsì. Bàrígà jẹ́ àdúgbò tí ilé ti fara kan ilé, tí yàrá kan sì lè gba ẹni márùn-ún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó ní Àkọkà náà kò jìnnà. Bí gbogbo wọn bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí wọ́n sì gbé fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo tí gbogbo àdúgbò ń pọn ló ṣe máa rí. Ẹni tó bá gbé garawa ńlá wá kò mú kí omi pọ̀ sí i. Ohun kan náà ni sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ orí afárá Third Mainland máa ń fà, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóònù ti ń dúró lójú kan.

Nígbà mìíràn sì rèé, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí wọ́n rì sí ìsàlẹ̀ òkun, ìyẹn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d’Ivoire. Nàìjíríà, Ghana àti orílẹ̀-èdè mélòó kan ló fara gbá a. Áàpù báǹkì kọ̀ láti ṣí. Fóònù ń fi igi márùn-ún hàn, máàsì wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ ọ̀nà tó lọ sẹ́yìn odi ti gé. Bí èèyàn bá gbé búsítà mẹ́wàá sórí ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí èyí tí yóò ṣe é lóore.

Búsítà àti ariwo rẹ̀

Ẹ̀yà mẹ́ta ni búsítà ní: eríàlì ìta tó ń gba nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ẹ̀rọ àárín tó ń sọ ọ́ di ńlá, àti eríàlì inú tó ń pín in fún fóònù. Bí fóònù bá dáhùn, ẹ̀rọ náà á tún sọ ohùn fóònù di ńlá padà sí máàsì. Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá wà díẹ̀ níta, tí irin ọkọ̀ ni kò jẹ́ kó wọlé, búsítà tó dára lè ṣiṣẹ́. Bí kò bá sí rárá níta, kò sí ohun tí yóò sọ di ńlá. Búsítà kò ń dá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sílẹ̀.

Ewu rẹ̀ wà níbi tí eríàlì méjèèjì bá ti sún mọ́ra jù. Gbogbo ẹni tó ti lọ sóde ìnáwó ní Ṣómólú ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí olórin bá gbé makirofóònù dojú kọ sípíkà: igbe tó ń dun etí á bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́ orin mọ́ títí wọn á fi yí i padà. Ohun tí búsítà máa ń ṣe gan-an nìyẹn, àfi pé etí èèyàn kò gbọ́ ọ. Máàsì ló ń gbọ́ ọ. Igbe náà á bo ohùn àwọn fóònù yòókù mọ́lẹ̀, ìpè wọn á máa já, dátà wọn á máa fà. Òrùlé danfo kò gùn tó ohun tí yóò ya eríàlì méjèèjì sọ́tọ̀ dáadáa bí ẹ̀rọ náà bá lágbára jù. Nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Ládìláàkì, ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí máàsì wà nítòsí, aládùúgbò wà lókè àti nísàlẹ̀. Ẹni tó ra búsítà kó lè ríṣẹ́ ṣe lè jẹ́ ẹni tó ń ba iṣẹ́ gbogbo òpópónà jẹ́, tí òun náà á sì máa bá wọn bú ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì.

Èyí tí ẹ̀gbọ́n ti Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ tún ní àbùkù tirẹ̀. Ìgbì 850 àti 1900 megahertz wà lára èyí tí wọ́n ń lò jù níbẹ̀. Ní Nàìjíríà, 900 àti 1800 ni GSM ń lò, 3G sì wà lórí 2100. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ìgbì Amẹ́ríkà lè má gbọ́ ti ibí rárá, ó sì lè máa pariwo lórí ìgbì tí wọ́n fún ẹlòmíràn. Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Àjọ FCC gbé òfin jáde ní ọdún 2013, nígbà tó sì di oṣù kẹta ọdún 2014, kò sí búsítà tí wọ́n lè tà níbẹ̀ àyàfi èyí tó lè pa ara rẹ̀ bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹni tó rà á gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 2018 ni àjọ Ofcom tó gba irú àwọn kan láàyè láìgba ìwé àṣẹ.

Nílẹ̀ yìí, Àjọ NCC tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ló ni àṣẹ. Òfin ìbánisọ̀rọ̀ ti ọdún 2003 fún àjọ náà lágbára láti yẹ ẹ̀rọ wò, kó sì fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó tà á tàbí lò ó. Èyí tí NCC kò bá fọwọ́ sí, ìbáà jẹ́ pé wọ́n fọwọ́ sí i ní London tàbí Houston, ẹni tó ń lò ó wà ní ìta òfin. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó bi òǹtajà léèrè ìwé ìfọwọ́sí NCC. Bó bá ń ká gúọ́gúọ́, kí oníbàárà fi owó rẹ̀ sápò.

Ohun tó ṣeé ṣe láìsí búsítà

Àtúnṣe àkọ́kọ́ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kí wọ́n mú MiFi kúrò nínú báàgì abẹ́ àga, kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tó ga. MiFi lè wà lójú fèrèsé kí láptọ́ọ̀pù sì wà lórí itan. Wi-Fi á so wọ́n pọ̀. Àmọ́ kí wọ́n má fi í sílẹ̀ nínú oòrùn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, nítorí bátìrì rẹ̀ á wú. Àwọn MiFi kan ní ihò kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n lè ki wáyà eríàlì ìta bọ̀. Eríàlì bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan di ńlá, kò sì lè ké mọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń ṣe ni kó gbé ibi ìgbọ́rọ̀ MiFi jáde kúrò nínú irin. Ẹni tó ní ọkọ̀ tirẹ̀, tó fi ń kó iṣẹ́ kiri, ni èyí bá mu jù. Kí wáyà rẹ̀ má gùn jù, nítorí inú wáyà gígùn ni agbára tó rí lókè máa ń ṣòfò sí. Kó sì jẹ́ ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni yóò máa tẹ̀ ẹ́. Òfin ìrìnnà Ìpínlẹ̀ Èkó kò gba awakọ̀ láàyè láti máa lo fóònù lórí ìrìn.

Síìmù méjì láti ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sàn ju búsítà kan lọ. Níbi tí máàsì ti ẹnì kan bá ti jìnnà, ti ẹlòmíràn lè wà nítòsí. Àwọn tó mọ̀ ọ̀nà Ìbàdàn dunjú kì í dúró kí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lọ kí wọ́n tó pààrọ̀ síìmù.

Ṣùgbọ́n ibi tí èrè pọ̀ sí jù fún oníṣẹ́ ìtẹ̀wé ni bí iṣẹ́ náà ṣe wúwo tó. Oníbàárà tó fẹ́ wo orúkọ bàbá ìyàwó kò nílò fáìlì ńlá tí wọ́n fẹ́ fi jó pléètì. PDF kékeré tó ṣeé kà lójú fóònù ti tó o, ó sì lè gba ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti rẹ̀ kọjá nígbà tí fáìlì ńlá ń yí. Kí fáìlì ńlá wà lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó to iṣẹ́ náà ní Fọlá-Àgorò, kó máa rìn láàárín Ṣómólú nìkan. Àtúnṣe orúkọ kan kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán lè gbé e nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá lọ rárá, báǹkì náà sì ní kóòdù tí wọ́n lè tẹ̀ láti fi sanwó láìlo dátà.

Ti Starlink tó dé Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023 ńkọ́? Ojú ọ̀run ni díìṣì rẹ̀ ń wò, kò nílò máàsì, ó sì ti yọ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ nínú ìṣòro. Àmọ́ ó ń béèrè iná, owó oṣooṣù, àti àlàfo tí igi tàbí ilé gíga kò dí. Ní ọdún 2024, ó kún ní àwọn apá kan l’Ékòó débi tí wọ́n fi dá títà rẹ̀ dúró fún oníbàárà tuntun. Ẹni tó ní ilé ìtẹ̀wé tó fìdí múlẹ̀ lè rò ó wò. Ẹni tó ń wọ danfo láti Pedro lọ sí Ojota kó tó wọkọ̀ Ìbàdàn, kò tíì kàn án.

Bó bá jẹ́ pé ojúkò kan náà ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń bàjẹ́ lójoojúmọ́, kí wọ́n kọ ọjọ́, àkókò àti nọ́ńbà dBm sílẹ̀, kí wọ́n pe 300, tó ti di nọ́ńbà ìpè oníbàárà fún gbogbo ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì láti ọdún 2023, kí wọ́n sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn wọn. Bí wọn kò bá rí àtúnṣe, nọ́ńbà ẹ̀sùn náà ni wọ́n á fi pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni. Bí ará òpópónà mẹ́wàá bá pe lórí ọ̀rọ̀ kan náà, tí búsítà ẹnì kan lójúlé kejì sì ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ tọpa ìgbì lè tọ ariwo náà dé ẹnu ọ̀nà onítọ̀hún.